Dádì, Ṣé Ìbàdàn Náà Ń Fìdí Rẹmi Ni?

Láti Sátidé tó kọjá ni ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun. Mo fi omi tì í, mo fi ẹ̀bà tì í, kò lọ. Ẹ jẹ́ kí n bì í síbí.

Màmá mi wà lórí WhatsApp láti Mọ́lété, n'Ìbàdàn. Ọmọkùnrin mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọmọ ọdún 11, ó dé fìlà aláwọ̀ ewé tí wọ́n kọ A's sí níwájú. Màmá ń pè é: "Àjàní! Àjàní ọkọ mi!" Ọmọ ò dáhùn, ó rò pé ẹlòmíì ni wọ́n ń bá wí. Mo gbún un ní ìgbọ̀nwọ́ pé kó kí Màmá. Ó ní, "Hi, Grandma." Màmá ní kí ló wí. Mo ní ó ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Màmá wá fi ìṣẹ́jú mẹ́fà ṣàdúrà fún un lórí ìkíni tí kò kí. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ògbufọ̀ irọ́ ni gbogbo wa.)

Bí ìpè ṣe parí, inú bí mi. Mo wá ibi tí mo lè gún tí yóò dùn ún, ojú mi sì bọ́ sórí fìlà. Mo ní, "O ò lè kí ìyá bàbá rẹ, ṣùgbọ́n o ń dé fìlà ẹgbẹ́ tó sá fi yín sílẹ̀. Wọn ò tiẹ̀ wẹ̀yìn wò."

Ọmọ náà ò bínú. Ó wò mí bí olùkọ́ ṣe ń wo ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé: "Dádì, ṣé Ìbàdàn náà ń fìdí rẹmi ni, tẹ́ ẹ fi kó kúrò níbẹ̀?"

Mi ò rí i bá wí pé ó rí mi fín, torí èdè tó fi sọ ọ́ ò mọ ìyàtọ̀ láàárín "ẹ" àti "o".

Ẹ̀yin tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan lẹ mọ̀, bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ rèé. Nígbà tí mo dé Oakland, ní California l'Amẹ́ríkà, ní 2014, ẹgbẹ́ ńláńlá mẹ́ta ló wà nílùú yìí, ojú kan náà ni gbogbo wọn sì ti ń ṣeré, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀, bọ́ọ̀sì kan péré sílé mi. Warriors ń gbá básíkẹ́ẹ̀tìbọ́ọ̀lù. Raiders ń gbá fúbọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin tí wọ́n sì ń fi orúkọ ẹsẹ̀ pè. A's (Athletics lorúkọ wọn gan-an) ń gbá béésìbọ́ọ̀lù, eré tí mo fi ọdún mẹ́ta wò kí n tó mọ ẹni tó ń borí. Ní 2019, Warriors sọdá omi lọ sí San Francisco. Ní 2020, Raiders gba Las Vegas lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án 2024, A's gbá eré ìkẹyìn wọn níbí. Ó dà bí ayálégbé tó kó àga, tó kó bẹ́ẹ̀dì, tó tún padà wá yọ gílóòbù.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹgbẹ́ tí nǹkan ò rọgbọ fún nìkan ló ń kó lọ. Warriors gba ife ẹ̀yẹ ní 2015, ní 2017 àti ní 2018. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n kó ẹrù.

Nígbà tí ariwo A's bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn àwọn tó ní kí wọ́n máa lọ ni mo wà. Ta ni mo jẹ́ tí n óò fi sọ pé kò dáa? Èmi tí mo ta mọ́tò, tí mo ta fíríìjì, tí mo ta jẹnẹrétọ̀ tí epo ṣì wà nínú rẹ̀. Ibi tí kò bá rọ èèyàn lọ́rùn, ẹsẹ̀ là á gbé kúrò níbẹ̀. Ẹgbẹ́ béésìbọ́ọ̀lù Montreal, nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n kúrò ní Kánádà, àga tó ṣófo ló pọ̀ jù èèyàn lọ ní pápá wọn. Wọ́n kó lọ sí Washington ní 2005, wọ́n sì gba ife àgbáyé tiwọn ní 2019. Ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín tó wà ní Arizona ò ní ilé mọ́ rárá, pápá yunifásítì kan tí kò gba èèyàn 5,000 ni wọ́n ti ń ṣeré títí wọ́n fi gbé wọn lọ sí Utah ní 2024. Ta ló fẹ́ bá irú wọn jà pé wọ́n lọ?

A's gan-an, ìran aṣíkiri ni wọ́n. Philadelphia ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1901. Ní 1955 wọ́n ti wà ní Kansas City. Ní 1968 wọ́n dé Oakland. Ife mẹ́rin tí àwọn ará ibí ń fi yangàn, 1972, 1973, 1974 àti 1989, bí àwọn Philadelphia bá rí wọn dì mú, wọn ì bá tí dé ibí. Àwọn baba wa ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Àwọn A's ò gbọ́ òwe yẹn rí.

Mo ń rò báyìí títí di alẹ́ ọjọ́ kan níbi iṣẹ́. Alẹ́ ni mo máa ń ṣe, mo ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó lọ wo A's ní ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n dé, tí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ kì í kúrò lórí béésìbọ́ọ̀lù. Mo ń pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì rẹ̀, mo ní kó má bọkàn jẹ́, pé èmi náà kúrò nílé mi, mi ò sì kú. Bàbá wò mí. Ó ní, "Nígbà tí ìwọ kúrò, ṣé o gbé àdúgbò lọ?" Ó yíjú sí ògiri. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò sì tún pè mí ní ọmọ rẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Látìgbà yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo nǹkan náà dáadáa, ohun tí mo sì rí ò dùn mọ́ mi. Ní 2023, A's fìdí rẹmi nínú eré 112 nínú 162. Ṣé torí pé wọn ò mọ eré ṣe ni? Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ni wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mìíràn lọ́kọ̀ọ̀kan, torí owó wọn ti ń wọ́n. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ń gòkè, pápá ń jò. Wọ́n wá jáde wá sọ pé àwọn èèyàn ò wá wòran mọ́. Ẹ wo ìyá alámàlà tó yọ ẹran kúrò nínú ọbẹ̀, tó fowó kún abọ́, tó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń bi Ọlọ́run pé kí lòun ṣe fún oníbàárà.

Àwọn ará ìlú ní àwọn á fi hàn wọ́n. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà 2023, ọjọ́ Túsìdeé lásán, wọ́n pe ara wọn jọ pé kí gbogbo èèyàn wá. Èmi àti ọmọ mi lọ. Èèyàn 27,759 ló wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tí wọ́n kọ "SELL" sí, pé kí ẹni tó ni ẹgbẹ́ tà á fún ẹni tó fẹ́ ẹ. A's borí lọ́jọ́ náà, 2 sí 1. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni àwọn aṣòfin Nevada fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi tó mílíọ̀nù 380 dọ́là owó ìjọba ran pápá tuntun lọ́wọ́ ní Las Vegas. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, àwọn tó ni ẹgbẹ́ béésìbọ́ọ̀lù dìbò lórí ọ̀rọ̀ náà: gbogbo àwọn 30 ní kí wọ́n máa lọ. Ó jọ ìbò tí a mọ̀.

Ti gbèsè wá nìyí. Nígbà tí Raiders padà láti Los Angeles ní 1995 (bẹ́ẹ̀ ni, àwọn náà ti lọ, wọ́n ti bọ̀), ìlú àti ìjọba ìbílẹ̀ yáwó láti kọ́ òkè àga kan sí pápá náà fún wọn. Ó ga débi pé ó bo òkè àdáyébá tí àwọn èèyàn ń wò tẹ́lẹ̀. Raiders tún lọ ní 2020, gbèsè ò bá wọn lọ. Ọmọ ìlú ló san án. Ní 1995, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wà, mò ń fi ìka ka ìsodipúpọ̀. Mo dé Oakland, mo sì bá wọn san.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí lónìí: ẹgbẹ́ tí ebi ń pa ní tòótọ́, tí ìlú rẹ̀ ò fẹ́ ẹ mọ́, kó lọ, kí Ọlọ́run sìn ín. Ṣùgbọ́n ẹni tó febi pa ọmọ rẹ̀ ò gbọdọ̀ fi rírù ọmọ náà ṣe ẹ̀rí ní kóòtù. Bí wọ́n bá sì fẹ́ lọ dandan, kí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀. Cleveland ló ṣe èyí tó wù mí jù. Ní 1996, wọ́n kó ẹgbẹ́ fúbọ́ọ̀lù wọn, Browns, lọ sí Baltimore, ìlú sì wọ́ wọn lọ sílé ẹjọ́. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé orúkọ, àwọ̀ àti ìtàn ẹgbẹ́ náà dúró ní Cleveland, àwọn tó lọ ní láti wá orúkọ tuntun. Ní 1999, Browns mìíràn jí dìde nílé.

Oakland ò rí irú ẹ̀ gbà. A's wà ní West Sacramento báyìí, wọ́n ń gbé nínú BQ: pápá kékeré kan tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ ìpele ìsàlẹ̀, tí kò gbà ju nǹkan bí 14,000 lọ, títí di 2028 tí wọ́n ní àwọn máa dé Las Vegas. Wọ́n ní kí wọ́n má fi orúkọ ìlú kankan pe àwọn. Athletics lásán. Ẹ rò ó wò. Ṣé ẹ ti gbọ́ oríkì ẹnì kan rí tí wọn ò ní dárúkọ ìlú rẹ̀? Olè gan-an, bí wọ́n bá mú un, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń bi í ni pé ọmọ ibo ni.

Àwọn ọmọ ìlú ti dá ẹgbẹ́ kékeré kan sílẹ̀, Oakland Ballers, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2024 ní Raimondi Park. Mo mú ọmọ mi lọ lẹ́ẹ̀kan. Ó jẹ gúgúrú rẹ̀ tán, ó ní ó dáa, ó ní ká máa lọ sílé.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Sátidé. Mo dá a lóhùn. Mo ní, "Èmi ń fowó ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù. Àwọn A's rẹ, èló ni wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí Oakland?" Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé mo ti borí.

Ló bá dìde, ó lọ sí gáréèjì, ó gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀ wá.

Ọjọ́ eré ìkẹyìn yẹn, èèyàn 46,889 ló kún pápá náà. A's na Texas ní 3 sí 2. Nígbà tó parí, kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ sílé. Àwọn tó ń tọ́jú pápá ń bu erùpẹ̀ rẹ̀ fún àwọn èèyàn. Ọmọ mi na kọ́ọ̀bù mínírà rẹ̀, wọ́n bù ú kún ìdajì. Bí a ṣe délé, ìyàwó mi dúró sẹ́nu ọ̀nà: "Erùpẹ̀ tí gbogbo ìlú sunkún lé lórí, ẹ fẹ́ gbé e wọ ilé tí mo ti ń gbàdúrà?" Ìdí tó fi ń gbé ní gáréèjì nìyẹn.

Ó gbé e ka orí tábìlì níwájú mi. Ó ní, "Èyí ni tèmi. Tiyín dà?"

Bàbá mi ló máa ń mú mi lọ sí Adámásingbà. 3SC, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ti Ìbàdàn. Zamalek ti Íjíbítì na wọn ní àṣekágbá ife Áfíríkà ní 1984, ó tún na wọn ní 1996 lórí pẹnárítì, bàbá mi ò jẹun alẹ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n bọ́ sí ìpele ìsàlẹ̀, wọ́n gòkè, wọ́n tún bọ́. Mi ò gbọ́ ọ rí lẹ́nu ẹnikẹ́ni pé kí wọ́n kó wọn lọ sí ibòmíì. A kàn máa ń bú wọn láti géètì títí dé Mọ́lété, a ó sì padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí mo ń bọ̀ níbí, bàbá mi bi mí pé ọdún mélòó ni n óò lò. Mo ní márùn-ún.

Wọ́n kú ní oṣù Kìíní 2021. Ìwé mi wà níbi tí ẹ mọ̀ pé ìwé máa ń wà. Yàrá tí a ti ń jẹun níbi iṣẹ́ ni mo ti wo ìsìnkú wọn lórí Zoom, etí mi kan nínú ìfetígbọ́, etí kejì ń tẹ́tí sí bẹ́ẹ̀lì àwọn arúgbó. Nígbà tó kan kí àwọn ọmọ da erùpẹ̀, àbúrò mi da tirẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó bu òmíràn, ó kọjú sí fóònù, ó ní, "Ti bùrọ̀dá mi rèé." Ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì dúró sí. Ọwọ́ rẹ̀ wà lókè, erùpẹ̀ ò tíì bọ́. Mo ń wò ó títí wọ́n fi pè mí ní yàrá kẹsàn-án.

Mi ò sọ èyí fún ọmọ náà. Mo ní kó gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀ kúrò lórí tábìlì kí ìyá rẹ̀ tó dé.