Ọkọ̀ kékeré tó ṣíwájú Temeraire

Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá ń sọ̀rọ̀ àwòrán The Fighting Temeraire tí J. M. W. Turner yà ní 1839, ọkọ̀ ìgbòkun ńlá funfun yẹn ni wọ́n máa ń dárò. Èmi ò bá wọn dárò. Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ni mò ń tún ṣe létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ níbí, Yamaha 40 ló pọ̀ jù. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti London dé, tó fi owó pọ́n-ùn ogún wọn tuntun tó ní àwòrán náà lẹ́yìn hàn mí, ọkọ̀ dúdú kékeré tó ń wọ́ ọkọ̀ ńlá lọ ni mò ń wò.

Àgbá 98 ni Temeraire gbé, ó sì jagun ní Trafalgar ní 1805, ogun ojú omi tí Gẹ̀ẹ́sì bá Faransé àti Sípéènì jà. Ní 1838 wọ́n tà á fún ẹni tó ń tú ògbólógbòó ọkọ̀ palẹ̀, wọ́n bá ń wọ́ ọ gba odò Thames lọ sí Rotherhithe ní London. Nínú ọkọ̀ kékeré yẹn, eédú ń jó, omi ń hó, ooru rẹ̀ ń ti ẹ́ńjìnì, ẹ́ńjìnì ń yí kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbá omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì. Kò bẹ afẹ́fẹ́ rárá! Ẹni tó bá ti tukọ̀ kọjú sí afẹ́fẹ́ ọ̀sà rí á mọ̀ pé ó ti bùṣe fún onígbòkun.

Ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni mí. Irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀ ló lé wa dé ibí. Turner kú ní 19 Oṣù Kejìlá 1851. Ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn, HMS Bloodhound, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì onírin tó ń fi ooru omi rìn, kó àwọn mìíràn sòdí wá yọ Ọba Kòsọ́kọ́ ní Èkó. (Kòsọ́kọ́ náà kì í ṣe ẹni mímọ́ o, òwò ẹrú ń lọ lábẹ́ rẹ̀. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé torí ẹrú nìkan ni wọ́n ṣe wá.) Ní Oṣù Kọkànlá, àwọn ará Èkó ti kọ́kọ́ lé wọn padà. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, Bloodhound àti Teazer, ọkọ̀ ogun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, fìdí sọlẹ̀ nínú ọ̀sà, síbẹ̀ kí Oṣù Kejìlá tó parí Kòsọ́kọ́ ti sá gba Ìjẹ̀bú. Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá tẹ̀dó sí.

Ohun kan tún wà tó wù mí nínú àwòrán yẹn. Turner gbé páìpù èéfín síwájú òpó ọkọ̀ kékeré náà, bẹ́ẹ̀ òpó ló máa ń ṣíwájú nínú ọkọ̀ gidi. Nígbà tí J. T. Willmore ń fín àwòrán náà ní 1845 kí wọ́n lè tẹ ẹ̀dà rẹ̀, ó dá páìpù padà sẹ́yìn. Ó yẹ kí mẹkáníìkì bíi tèmi yìn ín. Mi ò yìn ín. Ti Turner ni mo gbà: èéfín ni kó ṣíwájú.