Ṣé ó mọ̀ pé eré ni?

Òjò rọ̀ láti àárọ̀, wọ́n mú iná lọ, mo fọ aṣọ tí kò gbẹ. Ọjọ́ náà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni kò kúrò létí mi. A jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, à ń wo Baby Peggy, ọmọdé òṣèré fíìmù ayé àtijọ́ kan ní Amẹ́ríkà, lórí fóònù. Ọmọ náà ń ṣe bí ìyá àgbà, ó ń fajú ro mọ́ àwọn tó jù ú lọ. A rẹ́rìn-ín títí. Àfi bó ṣe bú sẹ́kún, ẹkún tí kò dún, torí fíìmù ìgbà yẹn kò ní ohùn. Ọmọ wa dákẹ́. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ó mọ̀ pé eré ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo yára dáhùn jù.

1918 ni wọ́n bí Baby Peggy. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì tí wọ́n rí i ní Hollywood. Kó tó pé mẹ́fà, ó ti ṣe fíìmù kéékèèké bíi 150. Bàbá rẹ̀ á ta ìka: "Sunkún!" Omijé á dà. "Rẹ́rìn-ín!" Eyín á yọ. Ìgbọràn ni bàbá ń pè é. Nílé tiwa náà, ìgbọràn la ó pè é. Wọ́n ki ọmọ náà bọ inú omi òkun títí ó fi dákú, kí àwọn èèyàn lè rẹ́rìn-ín. Owó rẹ̀, àwọn òbí ná an tán. Ti Jackie Coogan, ọmọdé òṣèré mìíràn, náà bẹ́ẹ̀, òun tí wọ́n torí ẹ̀ ṣòfin tó ń dáàbò bo owó àwọn ọmọdé òṣèré ní California lọ́dún 1939.

Inú ń bí mi. Àbí kì í ṣe inú ló ń bí mi.

Torí ọmọ yẹn pani lẹ́rìn-ín o! Irú ojú yẹn, ta ló lè fi ìka títa kọ́ ọ? Ó ní láti mọ̀. Ó pẹ́ láyé títí di 2020, ẹni ọdún 101, ó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tójú rẹ̀ rí. Púpọ̀ nínú àwọn fíìmù náà ti sọnù. Ẹkún inú wọn ńkọ́...

Fídíò ọjọ́ tí mo gbé bísíkíìtì ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pamọ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e sórí státọ́ọ̀sì mi nígbà náà, ẹ̀rín làwọn èèyàn fi dá mi lóhùn. Mo sọ pé eré ni. Mi ò rántí pé mo sọ fún òun.

Ó ti dé níwájú dígí báyìí, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sunkún láìdún. Ó ní kí n gbé fóònù wá kí n ká a sílẹ̀. Mo ní bátìrì ti kú.

Kò tíì kú.