Páìpù Tí Kò Fọ Ẹnu

Ìyá ìyàwó mi ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá wẹ ọmọ. Ẹni tó bá ti gbé ìyàwó rí mọ ẹrù tó wà lórí gbólóhùn yẹn. Omi gbọ́dọ̀ wà. Omi ìwẹ̀ ọmọ, omi gbígbóná tí wọ́n máa fi tẹ ikùn ìyá ọmọ, omi àgbo, omi tí wọ́n máa fi fọ ìtẹ́dìí láàárọ̀ lálẹ́. Tó bá wá di ọjọ́ kẹjọ, omi tí gbogbo ẹbí máa fi ṣan ìkòkò ìkómọ.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n dé ni páìpù tó ti ọ̀dọ̀ tàǹkì wá sí bálùwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Àpáta ní Ìbàdàn ni ilé wa wà, ilé àtijọ́ ni, páìpù onírin ni wọ́n ṣe sí i nígbà tí oníke kò tíì gbòde. Ó ti dípẹtà látinú wá, ó wá lu lẹ́bàá ògiri, ihò tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Mo pe bàbá tó ń ṣe púlọ́ḿbà ládùúgbò wa. Bàbá tẹ̀ ba, wọ́n wò ó, wọ́n fi èékánná họ ọ́, wọ́n ní ₦15,000, owó iṣẹ́ nìkan.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó.

Ohun tí mo rò ni pé kí ló le níbẹ̀? A tú èyí tó bàjẹ́, a fi tuntun sí i, ó tán. Mo ti rí i lórí fóònù: ọkùnrin kan gé páìpù, ó so ó, ó ṣí omi, ó rẹ́rìn-ín, kò gbà á ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Lóòótọ́, láàárín ìgbà tó gé e sí ìgbà tó so ó, ó ki nǹkan kan bọ ẹnu páìpù náà, ó sì ń yí i bírí bírí. Mo rò pé ó kàn ń fi ṣeré ni. Mo fò ó kọjá.

Rúlà Tọ́lá, ọmọ mi àgbà, ni mo gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù onípáìpù, rúlà ilé ìwé tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ. Mo ní kí wọ́n fún mi ní páìpù ààbọ̀ ínṣì. Ọmọkùnrin tó ń tajà gbé e wá, mo fi rúlà lé e: ó fẹ̀ ní mìlímítà 21 láti etí dé etí. Mo wọn inú rẹ̀, ó tó 16. Ààbọ̀ ínṣì ò sì pé 13! Mo fárígá. Mo ní irú ìwà báyìí ló ń ba ọjà jẹ́. Ọmọ náà wo rúlà, ó wo ojú mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, orúkọ ẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ìwọ̀n ẹ̀." Bàbá kan tó jókòó sórí àpò sìmẹ́ńtì ní ẹ̀gbẹ́ kan ní ẹni tó ń jẹ́ Kékeré náà a máa ga kan àjà. Ni mo bá sanwó.

Mo tún ra yúníọ̀nù kan tí wọ́n fi ń so páìpù pọ̀, ẹ́líbò méjì tí wọ́n fi ń yí páìpù ní igun, àti tírẹ́ẹ̀dì tépù, èyí funfun tí wọ́n ń wé sí ẹnu páìpù kí omi má baà jò. Ìyàwó mi pè mí lórí fóònù lákòókò náà, ó gbọ́ tí mo ń sọ pé "ẹ́líbò méjì", ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n sọ ọ́ di kóńgò mẹ́rin, pé màmá òun fẹ́ràn àmàlà.

Wọ́n gé páìpù náà fún mi, wọ́n fi irin tí wọ́n ń pè ní dáì fín tírẹ́ẹ̀dì, ìlà tó yí po tí wọ́n fi ń dè é, sí i ní orí méjèèjì. Mo gbé e délé, ó gùn jù. Ó fi rúlà kan gbáko gùn ju àyè rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo ń wọn ògiri láàárọ̀, mo ti gbé rúlà lé e nígbà mẹ́fà, Tọ́lá wá bi mí bóyá ewúrẹ́ máa ń sùn, mo dá a lóhùn, mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo ka méje.

Ọlọ́gbọ́n á padà sí ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ èmi tí mo ti bá wọn jà lórí ìwọ̀n, ojú wo ni n óò fi wò wọ́n? Mo yá àkísọ́ọ̀, ayùn tí wọ́n fi ń gé irin, àti dáì lọ́wọ́ wẹ́dà tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Mo gé e títí, òógùn bò mí, irin ò gbọ́. Wẹ́dà náà ló kọjá tó ní eyín ayùn mi kọjú sẹ́yìn, pé iwájú ló yẹ kó kọ sí. Mo yí i padà. Mo tún gé e, ó já.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹnu páìpù tí wọ́n fayùn gé ṣe máa ń rí. Téèyàn bá dúró lókèèrè, ó dán, ó mọ́ rekete. Ẹ wá sún mọ́ ọn. Etí rẹ̀ níta hu nǹkan wẹ́wẹ́ bí irùngbọ̀n ẹni tí kò fá a fún ọjọ́ mẹ́ta. Nínú lọ́hùn-ún, irin yọ eyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó tẹ̀ sínú, ó mú ju abẹ lọ. Ayùn kì í gé irin bí ọ̀bẹ ṣe ń gé iṣu. Ńṣe ló ń fà á ya díẹ̀díẹ̀, èyí tí ò sì já dáadáa á rọ̀ mọ́ etí ibẹ̀, bí àlejò tí òde ti tú lójú ẹ̀ tí kò lọ sílé.

Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, gbogbo ìyẹ̀fun irin tó wà níbẹ̀ fò sí mi lójú. Nígbà tí mo nu ojú tán, mo ki ìka ìlábẹ̀ mi bọ̀ ọ́ láti mọ̀ ọ́n wò. Ìyẹn nìkan ì bá dára. Mo tún wá yí i.

N kò pariwo. Ọkùnrin tó ń ṣe púlọ́ḿbà nílé ara ẹ̀ kì í pariwo. Mo kàn ń wo ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn lọ sí ìgúnpá mi, ìyàwó mi sì ń bi mí láti inú yàrá pé, "Bàbá Tọ́lá, ṣé ẹ ti ń parí lọ?" Mo ní, "Ó kù díẹ̀." Tírẹ́ẹ̀dì tépù ló sún mọ́ mi jù, ni mo bá fi wé ìka náà ní ìgbà mẹ́wàá. Ó funfun báláú, ó dà bíi pé dókítà ló wé e. (Dókítà gidi tú u ní ọjọ́ kejì kó tó fún mi ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ó ní òun ti rí oríṣiríṣi, pé àmọ́ ti òní yìí, omi ò lè jò níbẹ̀.)

Dáì ò jókòó dáadáa sórí páìpù náà. Irùngbọ̀n yẹn ni ò jẹ́ kó rí ibi jókòó, ó ń ṣe wọ́gọwọ̀gọ. Mo fi agídí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo yí i, irin ń jábọ́ wẹ́wẹ́, òmíràn ń bọ́ sínú páìpù. N kò gbọ̀n ọ́n dànù. Mo wé tépù sí tírẹ́ẹ̀dì náà bí ẹni ń wé láwàní fún Alhaji, mo wé e kọjá etí, títí tó fi rọ̀ sínú ẹnu páìpù. Mo de gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo ṣí omi. Kò jò!

Ó yẹ kí ẹ rí mi. Mo jó. Mo ya fọ́tò páìpù náà, mo fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí. Àwọn àbúrò mi ń kí mi ní "ẹ kú iṣẹ́, ẹnjiníà". Mo tún pe bàbá púlọ́ḿbà, mo ní kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu mọ́. Wọ́n ní, "Ó dáa o." Bí wọ́n ṣe fa "o" yẹn gùn ni kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọjọ́ kìíní, omi wá. Ọjọ́ kejì, ó rọra ń bọ̀. Lọ́jọ́ tí màmá dé, ìtọ̀ ọmọ tuntun wa yára jù ú lọ. Èyí tó wá burú jù ni pé ẹ̀rọ omi bálùwẹ̀ ò tún ṣe é tì. Irin wẹ́wẹ́ ti rin ìrìnàjò lọ há sí ara wọ́ṣà, rọ́bà inú ẹ̀rọ tó ń dá omi dúró. Nígbà tí a ń fẹ́ omi, kò wá. Nígbà tí a ní kó dúró, ó ń kán tó, tó, tó, títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí màmá dé, wọ́n gbé àpótí sí bálùwẹ̀, wọ́n jókòó ti bọ́kẹ́ẹ̀tì, orín àtá wà lẹ́nu wọn. Wọ́n fi orín náà fọ apá òsì, wọ́n fọ apá ọ̀tún, wọ́n fọ eyín iwájú, wọ́n fọ ahọ́n. Omi ò tíì bo ìsàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Wọ́n ní, "Bàbá Tọ́lá, omi yín ń ronú."

Mo ní bóyá omi tàǹkì ló lọ sílẹ̀, mà. Wọ́n rán Tọ́lá lọ sórí àkàbà. Ọmọ tí mo bí fẹnu ara ẹ̀ kígbe pé, "Ó kún dẹ́nu, Màmá!"

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ní ẹ wò ó, mà, gíga tàǹkì ni agbára omi. Mo ní kí omi tó lè ní nǹkan bí ìdajì agbára afẹ́fẹ́ inú táyà mọ́tò, tàǹkì gbọ́dọ̀ fi mítà 10 ga ju ẹ̀rọ lọ, tiwa ò sì ju mítà 3 lọ. Òótọ́ ni mo sọ, kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Màmá fetí sílẹ̀ dáadáa, wọ́n mi orí, wọ́n yọ orín lẹ́nu.

"Ṣé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ga ju báyìí lọ ni?"

Mo lọ pe bàbá púlọ́ḿbà.

Bàbá ò sọ nǹkan kan nípa fóònù tí mo pè wọ́n lọ́jọ́sí, ìyẹn sì dùn mí ju kí wọ́n sọ ọ́ lọ. Wọ́n ti omi, wọ́n tú yúníọ̀nù, wọ́n yọ páìpù, wọ́n gbé e sójú oòrùn bí ẹni ń yọjú nínú ihò kọ́kọ́rọ́. Wọ́n nà án sí mi. Mo wò ó: ibi tó yẹ kí ìmọ́lẹ̀ ti wọlé roboto, oṣù lé ló kù níbẹ̀. Bàbá gbá a mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìtẹ́ ẹyẹ jábọ́. N kò puró. Eyín irin tó yọ sínú ló mú okùn tépù dání, okùn tépù mú ìyẹ̀fun irin, gbogbo wọn wá para pọ̀ dá èèpá ìpẹtà tó ń ti inú páìpù àtijọ́ bọ̀ dúró, bí ìgèrè ṣe ń mú ẹja. Tó bá jẹ́ omi alágbára ni, ì bá ti gbá wọn lọ. Ẹ sì ti gbọ́ bí omi tiwa ṣe ga tó.

"Ta ló gé e?" bàbá bi mí.

"Ẹnì kan ni, sà."

"Ẹni yẹn ò fọ ẹnu ẹ̀."

Màmá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yọ orín wọn. "Ẹ ní kí ni?"

Bàbá wá ṣàlàyé fún wọn. Màmá ni wọ́n dojú kọ, bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní téèyàn bá gé páìpù tán, iṣẹ́ kù. Wọ́n ní kọ́tà gan-an, irinṣẹ́ tí wọ́n dìídì ṣe fún gígé páìpù, tí ojú ibi tó gé máa ń mọ́ ju ti ayùn lọ, a máa ti irin sínú, èèyàn sì gbọ́dọ̀ họ ọ́ kúrò. Wọ́n mú fáìlì roboto kan tí kò nípọn ju ìka lọ jáde látinú àpò, wọ́n dojú páìpù kọlẹ̀ kí ohun tí wọ́n bá họ má baà ṣubú sínú, wọ́n ń yí fáìlì náà bírí bírí. Ìgbà yẹn ni mo rántí ọkùnrin orí fóònù. Wọ́n fi fáìlì pẹlẹbẹ rẹ́ irùngbọ̀n ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n fi àkísà nu ún, wọ́n da omi gba inú rẹ̀ kọjá. Gbogbo rẹ̀ ò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Wọ́n wá wé tépù, àmọ́ tírẹ́ẹ̀dì kejì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní ìhòòhò kí okùn kankan má baà wọnú.

A dé orí owó. ₦15,000 ti tẹ́lẹ̀, ₦2,000 fún wọ́ṣà ẹ̀rọ méjì tí irin ti gé, ₦3,000 fún fífọ ẹnu.

Màmá ní, "Ẹ yọ ti fífọ ẹnu kúrò. Mo ní orín."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sórí àpótí. Wọ́n gba ₦17,000. Nígbà tí wọ́n ṣí tàǹkì, màmá ti gbé abọ́ dúró síwájú ẹ̀rọ, wọ́n sì ti ṣí i dé òpin láti àná. Omi náà bú jáde, ó lu abọ́, ó ta sókè, ó rẹ gèlè wọn jìn-ìn. Wọ́n nu ojú, wọ́n ní bàbá ti fọ̀ ọ́ jù.

Ọmọ gba orúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, ìkòkò mọ́, àmàlà sì pọ̀ rẹpẹtẹ, nítorí ìyàwó mi ti lọ ra kóńgò mẹ́rin yẹn fúnra rẹ̀. Màmá padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn ogójì ọjọ́. Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n lọ, mo lọ ti omi tàǹkì lẹ́yìnkùlé, mo sì rí i pé wọ́n ti fi tírẹ́ẹ̀dì tépù so odidi orín àtá kan, tuntun, mọ́ ọrùn páìpù náà. Ó ṣì wà níbẹ̀.