Bọ́bìnì Tí Kò Wọlé

Bọ́bìnì mẹ́wàá, àwọn kẹ̀kẹ́ kéékèèké tí a ń ká òwú ìsàlẹ̀ máṣíìnì sí, wà nínú àpótí ìránṣọ mi tí kò wúlò fún mi rárá. Owó mi ni mo fi rà wọ́n, mo sì retí wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, mo já páálí, mo mú ọ̀kan, mo tì í sí àyè rẹ̀ lábẹ́ máṣíìnì. Kò wọlé. Mo tún un tì, ó wọlé tipátipá, àmọ́ kò yí. Púpọ̀ nínú àwọn ìkànnì tí mò ń lò lójoojúmọ́ báyìí, wàhálà ọjọ́ yẹn ló mú mi dé ọ̀dọ̀ wọn.

Singer ọlọ́wọ́ ni máṣíìnì náà, 99K, dúdú, tí iṣẹ́ ọnà aláwọ̀ wúrà ara rẹ̀ ti ń ṣí kúrò. Màámi ni wọ́n kó o fún mi nígbà tí ojú wọn kò gbé òwú kíkì bọ abẹ́rẹ́ mọ́. Ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe ni èmi náà ṣe: mo kọ "bọ́bìnì Singer" sínú Google, mo tẹ èyí tó kọ́kọ́ jáde, mo sanwó. Kò sẹ́ni tó rẹ́ mi jẹ. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí pé Class 15 ni. Èmi ni n kò mọ̀ pé bọ́bìnì máa ń ní kíláàsì.

Ìkànnì ISMACS ló là mí lójú. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó máṣíìnì ìránṣọ àtijọ́ jọ ló ni ín. Kò lẹ́wà o, kò sí ohun tó ń tàn yanran níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n to nọ́ńbà ara máṣíìnì Singer síbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, pẹ̀lú lẹ́tà tó máa ń ṣáájú wọn. Mo tan iná fóònù sára tèmi, mo fi àkísà nu òróró tó ti gan mọ́ ọn, lẹ́tà méjì sì yọjú: E àti J, kí nọ́ńbà tó tẹ̀ lé wọn. Ìkànnì náà ní Clydebank ní Scotland ni wọ́n ti ṣe é. K tó wà lẹ́yìn 99 pàápàá, Kilbowie ló dúró fún, ilé iṣẹ́ Singer tó wà níbẹ̀ tí wọ́n tì pa ní 1980. Àbúrò máṣíìnì Singer 66 ni 99: inú wọn bára mu, àmọ́ 99 kò ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin 66 lọ. Bọ́bìnì kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò, Class 66.

Ẹ gbé bọ́bìnì oríṣi méjèèjì kalẹ̀ kí ẹ wò wọ́n láti ẹ̀gbẹ́. Ojú Class 15 tẹ́ pẹrẹsẹ. Ti 66 yọ díẹ̀ láàárín, bí ìdérí ìkòkò. Ìka ni mo fi mọ ìyàtọ̀ náà kí ojú mi tó rí i.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní ìlànà kan: ìkànnì tó bá fi nọ́ńbà, àwòrán tàbí déètì hàn mí, tí mo lè fi ojú ara mi yẹ̀ ẹ́ wò, òun ni mò ń tọ́jú líǹkì rẹ̀. Èyí tó bá kàn ń sọ fún mi pé òun ló dára jù, mo ti jáde.

Ìwé ìlò máṣíìnì náà, inú Internet Archive, ilé ìkàwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni mo ti rí i, pẹ̀lú àwòrán tó fi ọfà tọ́ka sí gbogbo ihò tí a ń kán òróró sí. Láti 1996 ni wọ́n ti ń kó nǹkan jọ síbẹ̀. Wayback Machine tiwọn, tó ń tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́ àwọn ojú ìwé ìkànnì, tí wọ́n ṣí fún gbogbo ayé ní 2001, ni mo fẹ́ràn jù. Ẹnì kan ti kọ àlàyé nípa bí a ṣe ń tú ibi tó ń fún òwú ní 99, ṣùgbọ́n ojú ìwé náà ti kú. Mo lẹ àdírẹ́sì rẹ̀ mọ́ Wayback, ó gbé ẹ̀dà àtijọ́ jáde, àwòrán méjì péré ló sọnù. Nísinsìnyí, bí mo bá rí ohun tó dára, èmi fúnra mi ni mo máa ń ní kí wọ́n fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́.

Bí ẹ bá ń wá irú ìwé bẹ́ẹ̀ lórí Google, ẹ fi àmì àyọlò há orúkọ rẹ̀ láàárín, kí ẹ sì kọ filetype:pdf tẹ̀ lé e. Pàǹtírí tó máa ń jáde á dín kù gan-an.

Google Patents ló máa ń jẹ mí lóorun. Ìwé àṣẹ tí ìjọba Amẹ́ríkà fún Elias Howe lórí máṣíìnì ìránṣọ wà níbẹ̀, nọ́ńbà 4,750, ti oṣù Kẹsàn-án 1846. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, ihò rẹ̀ sì wà lẹ́bàá ẹnu. Ti Isaac Singer, 1851, tọ́ sókè sódò bí ti màámi.

Ọjà rírà ńkọ́? Lórí eBay, ẹ má wo iye tí olówó ọjà ń pè nìkan. Ẹ yan àwọn ọjà tí wọ́n ti tà, kí ẹ rí iye tí ènìyàn san gan-an. Fún Amazon, camelcamelcamel máa ń fi hàn bí owó ọjà ṣe ń lọ sókè tó ń bọ̀ nílẹ̀.

Mo wá ìdérí onígi fún máṣíìnì náà, mo bá a lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù kan ní ìdajì owó. Ọwọ́ mi ti ń lọ sí káàdì. Mo ní kí n kọ́kọ́ fi àwòrán rẹ̀ sínú TinEye, tó máa ń wá ibòmíràn tí àwòrán ti jáde, ná; àwòrán ẹlòmíràn ni, igi rẹ̀ ní ojú àpá kan náà. Mo wá àdírẹ́sì wọn nínú ICANN Lookup, tó máa ń sọ ọjọ́ tí wọ́n forúkọ ìkànnì sílẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn. Wọ́n sì kọ ọ́ sójú ìwé wọn pé ọgbọ̀n ọdún làwọn ti wà lẹ́nu iṣẹ́!

Bí mo bá jókòó ti máṣíìnì, LibriVox ló máa ń ka ìwé sí mi létí, ọ̀fẹ́ ni. Bí òwú bá já lẹ́ẹ̀mẹta, mo gba Lichess lọ ta ayò ṣẹ́ẹ̀sì kan kí inú mi tó rọ̀. Kò ní ìpolówó.

Bọ́bìnì Class 66 ti dé, ó wọlé wẹ́rẹ́. Ẹni tó bá ní Singer 15 nílé, àwọn mẹ́wàá yẹn ṣì wà. Ẹ sáà kọ́kọ́ wò ó láti ẹ̀gbẹ́.