Àyè Ni Ajá Tí Ẹ̀rù Ń Bà Ń Fẹ́: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nínú Mímú Ajá Rìn ní Ilé-Ifẹ̀

Bí ajá bá ń gbó kíkankíkan, tí ó sì ń fa okùn bí ẹni pé yóò já a nígbàkúùgbà tí ó bá rí ajá mìíràn, ẹ̀rù ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ohun tí ó ń fa ẹ̀rù náà kò fara sin: a ra ọmọ ajá nítorí olè, a tì í mọ́ inú àgò ní ọ̀sán, a tú u sílẹ̀ nínú ọgbà ní alẹ́, kò sì fojú kan ajá mìíràn tàbí ọlọ́kadà láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 14 lẹ́yìn tí a bí i, tí í ṣe ìgbà tí ajá máa ń mọ ohun tí kò yẹ kí ó bẹ̀rù. Bẹ́ẹ̀ ni Tanímọ̀la, ajá tèmi, ṣe dàgbà kí ó tó dé ọwọ́ mi.

Àyè ni ó mú kí ìrìn wa tuni lára. Ajá kọ̀ọ̀kan ní ibi tí ajá mìíràn lè jìnnà dé tí ọkàn rẹ̀ kò fi ní dàrú. Bí a bá wà lẹ́yìn ààlà náà, Tanímọ̀la ń gbọ́ mi. Bí a bá ti kọjá rẹ̀, kò sí ìpè tàbí ìbáwí tí ó lè wọ̀ ọ́ létí. Kí ó tó gbó rárá ni ara rẹ̀ sì ti máa ń sọ̀rọ̀: ẹnu tí ó là sílẹ̀, tí ó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ, yóò pa dé lójijì, etí yóò nà síwájú, ìrù yóò le gan-an, ẹsẹ̀ iwájú kan yóò sì wà lókè láìtẹ ilẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ó yẹ kí a yà. Èmi a sọ pé, "Ó yá, ká lọ," ní ohùn jẹ́jẹ́, a ó sì bọ́ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ tí wọ́n gbé sílẹ̀ tàbí ọ̀nà mìíràn.

Oúnjẹ ló tẹ̀lé àyè. Ivan Pavlov, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1904, fi hàn pé bí oúnjẹ bá ń tẹ̀lé ìró kan léraléra, itọ́ yóò máa yọ lẹ́nu ajá bí ó bá ti gbọ́ ìró náà nìkan. Nítorí náà, kí ajá kọ́kọ́ rí ajá kejì lókèèrè, kí oúnjẹ tó dé. Ẹ̀dọ̀ màlúù tí a sè láìfi nǹkan kan sí, tí a gé wẹ́wẹ́, ni mo ń lò; ẹran inú ọbẹ̀ kò dára, nítorí pé àlùbọ́sà a máa ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Nígbà tí ó yá, Tanímọ̀la rí ajá kan nítòsí Parakin, ó sì yíjú wò mí fúnra rẹ̀. Inú mi dùn púpọ̀.

Mo rọ ẹnikẹ́ni tí ó ń fi ìbínú fa ṣéènì mọ́ ajá lọ́rùn kí ó jáwọ́, nítorí pé ajá yóò gbà pé ajá tí òun ń wò ni ó mú ìrora náà wá. Bẹ́líìtì tí ó gba àyà kọjá dára jù, kí okùn sì dẹ̀ díẹ̀.

A kì í gba Lágẹrẹ tàbí Sábó, níbi tí èrò ti pọ̀. Kí aago 7 àárọ̀ tó lù ni a ti ń jáde, kí oòrùn tó mú ọ̀dà gbóná, mo sì ń jẹ́ kí ó gbóòórùn koríko bí ó ti wù ú, nítorí pé ó ń mú ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Àwọn ajá tí ń rìn káàkiri ni ìṣòro tó kù. Mo máa ń ju ìwọ̀nba oúnjẹ sí wọn, a ó sì rọra kúrò láìsáré. Bí mo bá mọ olówó ajá, mo máa ń ké sí i láti òkèèrè: "Ìyá Bísí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi pe ajá yín wọlé." Kò tíì sí ẹni tí ó kọ̀ fún mi.

Kí ajá tó jáde rárá, kí ó ti gba abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi, kí a sì máa tún un gbà bí dókítà ẹranko bá ti ṣètò rẹ̀. Bí ajá èyíkéyìí bá bu ènìyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.