Ọrùn Tó Le Lára Ẹni Tí Oríkèé Rẹ̀ Rọ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń bọ̀ nídìí iṣẹ́ físíò, iṣẹ́ ìtọ́jú iṣan àti oríkèé, ní Abẹ́òkúta níbí, ọ̀dọ̀ wa kọ́ ni ẹni tí ọrùn ń dùn máa ń kọ́kọ́ wá. Kó tó dé, wọ́n ti fi róòbù ra á, onígbàjámọ̀ sì ti yí ọrùn náà títí ó fi dún. Ẹ má bá a jà. Ẹ bi í léèrè ohun tó tẹ̀lé e. Bó bá ní ara tu òun díẹ̀, kó tó wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ dáwọ́ dúró, ó lè jẹ́ ẹni tí oríkèé rẹ̀ rọ̀ jù ni.

Ẹ fi ọrùn sílẹ̀ ná, kí ẹ wo oríkèé yòókù. Ṣé àtàǹpàkò rẹ̀ ń kan apá? Ṣé ìgúnpá àti orúnkún ń tẹ̀ sẹ́yìn? Ṣé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kan ilẹ̀ láìtẹ orúnkún? Ìbéèrè wọ̀nyí wà nínú àyẹ̀wò Beighton, tí a fi ń mọ bí oríkèé ṣe rọ̀ tó; máàkì 9 ló ní. Ẹni tó ti bàlágà, tí kò tíì ju ọmọ 50 ọdún lọ, tó bá gba 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oríkèé rẹ̀ rọ̀ jù. Àmọ́ kò sí ọrùn nínú mẹ́sàn-án yẹn o. Ẹ̀yin lẹ máa ronú dé ibẹ̀.

Nǹkan bí ìdajì yíyí tí orí ń yí sọ́tùn-ún sósì, àárín eegun ọrùn kìn-ín-ní àti èkejì ló ti ń wá. Okùn tó so eegun pọ̀ ló di ibẹ̀ mú jù. Bí okùn náà bá dẹ̀, iṣan ọrùn á gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, á sì le gbagidi. Ẹni tó bá wọ́ ọ, tó nà án títí ó fi rọ̀, ó dà bí ẹni tó lé ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé lọ lóru. Ẹ má yí ọrùn bẹ́ẹ̀ láé.

Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀, kó mi orí díẹ̀ bí ẹní ń jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni", kó dì í mú láìjẹ́ kí iṣan ọ̀fun le. Ó kéré lójú, ó sì máa ń gba oṣù. Kọ́là ọrùn, èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn kó má baà mì, wà fún ìrìn àjò ojú ọ̀nà oníkòtò, kì í ṣe fún àtàárọ̀ dalẹ́, nítorí iṣan tí kò ṣiṣẹ́ á rọ.

Oníṣòwò tó ń ru ẹrù àdìrẹ lọ sí Ìtòkú ńkọ́? Ìdárayá kankan ò lè borí ẹrù orí ojoojúmọ́. Ẹ má kàn pàṣẹ pé kó má rù ú mọ́. Ta ni yóò bá a rù ú? Ẹ jọ ṣírò owó alábàárù.

Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ méjèèjì bá ń kú tipiri, tí ẹsẹ̀ ń yẹ̀ ẹ́ lójijì, tí ó ń rí nǹkan ní méjì-méjì, tí oúnjẹ ò gba ọ̀fun tàbí tí ìtọ̀ ò ṣeé dá dúró mọ́, ẹ má fọwọ́ kan ọrùn náà. Ẹ kọ lẹ́tà sí dókítà ní FMC Ìdí-Àbà, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ kọ gbogbo àmì náà síbẹ̀, nítorí fọ́tò inú ọrùn tí wọ́n yà nígbà tí orí dúró jẹ́ẹ́ lè má fi nǹkan kan hàn.