Ìwé yunifásítì ni mo wá kà ní Jámánì, iṣẹ́ iná ló ń pè mí

Ìwé méjì ló wà lórí tábìlì mi láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ọ̀kan ni fọ́ọ̀mù tí màá fi forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò mathimátíìkì lẹ́ẹ̀kẹta. Èkejì ni àdéhùn ìkọ́ṣẹ́ ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ láti ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe iṣẹ́ iná níbí ní Leipzig. Orúkọ mi ti wà lókè rẹ̀, ó ku kí n fọwọ́ sí i. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ni iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀. Nígbàkigbà tí Màámi bá pè láti Ìbàdàn, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè ni, "Ìwé ńkọ́?" Èmi náà á ní, "Ó ń lọ, mà." Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n kò tíì dé ìdí òótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ilé wá. Àbúrò bàbá mi ní ìsọ̀ iṣẹ́ iná ní Mọ́kọ́lá. Bọ̀dá là ń pè wọ́n nínú ilé. Bí a bá ti gba ọlidé nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ń rán mi lọ kí n má baà máa rìn gbéregbère. Ibẹ̀ ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń la ògiri fún páìpù, bí wọ́n ṣe ń fa wáyà, àti bí èèyàn ṣe ń gbọ́ ọ létí pé fíúsì kan fẹ́ jó kó tó jó. Ọmọṣẹ́ mẹ́rin ló wà lọ́dọ̀ wọn nígbà náà. Òbí kálukú ló san owó ìkọ́ṣẹ́, wọ́n gbé ọtí àti obì wá, wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn níwájú ẹlẹ́rìí. Ọdún àkọ́kọ́, ilẹ̀ ni wọ́n ń gbá, omi ni wọ́n ń pọn, oúnjẹ ọ̀gá ni wọ́n ń lọ rà, àwọn náà ló ń ru àkàbà. Bó bá pé ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n á ṣe fíríìdọ̀mù. Oyin á wà ńlẹ̀, àádùn á wà ńlẹ̀, wọ́n á gbé ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi gíláàsì bò jáde, gbogbo èèyàn á ya fọ́tò. Mo rí bàbá kan lọ́jọ́ kan tó ń sunkún nígbà tí Bọ̀dá gbé ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ lórí tí wọ́n ń wúre fún un. Agbẹ̀ tó ti Mọ́níyà wá ni. Ó wọ agbádá tó ti pẹ́, ó ń fi etí rẹ̀ nu ojú.

Síbẹ̀, Bọ̀dá kan náà yìí kì í jẹ́ kí n pẹ́ nídìí iṣẹ́. Bí wọ́n bá rí i pé mo ti ń gbádùn rẹ̀ jù, wọ́n á ní, "Ìwọ, ìwé ni kí o kà o. Má wá jókòó tì mí." Mo mọ ìdí rẹ̀. Bọ̀dá ti ṣe tréédì tẹ́ẹ̀sì, wọ́n yege, ọwọ́ wọn sì mọ́ ju ti ọ̀pọ̀ ẹnjiníà lọ. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ ńlá bá yọ, ilé ọ́fíìsì alájà mẹ́ta tàbí ilé ìwòsàn, ẹni tó ní dìgírì ni wọ́n ń gbé e fún. Onídìgírì á wá gbé iṣẹ́ náà wá sí Mọ́kọ́lá. Bọ̀dá á ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n á sì fún wọn ní èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú owó. Nítorí náà n kì í bá àwọn òbí wa wí tí wọ́n bá takú pé yunifásítì ni dandan. Ohun tí ojú wọn ti rí ni wọ́n ń sọ. Nílé, àfọwọ́ṣe lásán kì í gbèjà ẹni. Ìwé ló ń gbèjà ẹni, kódà ẹni tó ní HND mọ bí wọ́n ṣe ń fi ojú kejì wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ oní-BSc.

Mo wọ yunifásítì nílé. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022, ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, ó sì di oṣù kẹwàá kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Mọ́kọ́lá ni mo ti lò ó. Láàárín oṣù mẹ́jọ yẹn, mo kọ́ ohun tí ọdún méjì nínú kíláàsì kò kọ́ mi. Ní ọdún 2023 mo wọ Jámánì láti wá ka ẹnjiníà iná mànàmáná.

Owó ilé-ìwé kò sí ní yunifásítì tí mo wà, àyàfi owó díẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san ní sàá kọ̀ọ̀kan. Ohun tó wọ́n ni kí èèyàn tó wọlé. Lọ́dún tí mo wá, yúrò 11,208 ni ìjọba ní kó wà nínú àkáǹtì kí wọ́n tó fún akẹ́kọ̀ọ́ ní físà. Láti ìgbà náà ó ti di 11,904. Ilẹ̀ tí bàbá àgbà fi sílẹ̀ lọ́nà Àkàǹrán wà nínú owó yẹn. Ẹni tí wọ́n ta ilẹ̀ rán wá, kò rọrùn fún un láti sọ pé ọkàn òun ti yí padà.

Ìdánwò wá ńkọ́? Nílé, bí kọ́ọ̀sì bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ, kárí-ofà ni, o lè máa gbé e kiri títí wàá fi di ẹni ọdún kẹfà. Ní yunifásítì tí mo wà níbí, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni. Bí o bá já a lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n á yọ orúkọ rẹ, o kò sì ní lè ka irú ẹ̀kọ́ yẹn mọ́ ní yunifásítì mìíràn ní Jámánì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti já mathimátíìkì. Mo gbà pé mo lè yege rẹ̀. Ohun tí n kò lè dáhùn ni ohun tí mo fẹ́ fi ṣe lẹ́yìn tí mo bá yege.

Ìgbà ọlidé tó kọjá ni mo lọ bá àwọn oníṣẹ́ iná yìí ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, láti wò ó. Ilé àtijọ́ kan là ń tún wáyà rẹ̀ ṣe, wáyà alumíníọ̀mù láti ayé DDR, ìyẹn Ìlà-Oòrùn Jámánì àtijọ́, tó ń kán bí igi gbígbẹ tí a bá tẹ̀ ẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá pa iná láti ibi fíúsì, ó mú àgádágodo pupa kékeré kan jáde, ó fi ti ọ̀nà iná yẹn pa, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n fi í sí àpò, kí n má fún ẹnikẹ́ni, títí kan òun alára. Lẹ́yìn náà ó gbé tẹ́sítà ẹlẹ́nu méjì fún mi. Mo fẹ́ ki ẹnu rẹ̀ bọ wáyà tí a pa. Ó dá mi dúró. Kí n kọ́kọ́ dán tẹ́sítà yẹn wò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì tí iná wà, kí n mọ̀ pé kò kú. Kí n wá dán wáyà wò. Kí n tún padà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Òfin márùn-ún ni gbogbo oníṣẹ́ iná ní Jámánì mọ̀ lórí, bí a ṣe ń pa iná wà nínú rẹ̀, àti bí ẹlòmíràn kò ṣe ní lè tàn án mọ́ ẹ lórí.

Mo dúró pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ yẹn lápò, Mọ́kọ́lá sì sọ sí mi lọ́kàn. Nílé, ìgbà tí iná bá lọ la máa ń sáré ṣiṣẹ́, a ó sì máa gbàdúrà kó má tíì dé. Lọ́jọ́ kan, iná dé. Ọmọṣẹ́ tó wà lórí àkàbà já bọ́ lójú mi, apá rẹ̀ sì kán. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni.

Ohun tí wọ́n ń pè ní Ausbildung níbí, ìkọ́ṣẹ́ náà ni. Ọmọṣẹ́ wà lọ́dọ̀ ọ̀gá, ó sì tún ń lọ sí ilé-ìwé iṣẹ́. Ibi tó ti yàtọ̀ lójú mi ni ẹni tí fíríìdọ̀mù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nílé, ọ̀gá ló ń dá ọjọ́. Bí inú rẹ̀ kò bá dùn sí ọ, ó lè fi oṣù mẹ́fà kún un, kò sì síbi tí o máa fẹjọ́ sùn sí. Níbí, òfin ìkọ́ṣẹ́ wà láti ọdún 1969. Kò gbà kí ọ̀gá máa rán ọmọṣẹ́ ní ohun tí kò bá ìkọ́ṣẹ́ mu, ọ̀gá ló sì gbọ́dọ̀ fún un ní irinṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọṣẹ́ ń kọ ohun tó kọ́ sínú ìwé kan. Àjọ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ló ń bójú tó ìdánwò rẹ̀, apá kan láàárín méjì, apá kejì nígbẹ̀yìn. Ọ̀gá kò lè di ìwé ẹ̀rí rẹ̀ mú. Wọ́n tún ń sanwó fún un. Fún ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2025, owó tó kéré jù ní ọdún àkọ́kọ́ ni yúrò 682 lóṣù, ní ọdún kejì 805. Kì í ṣe owó ńlá, nítorí ẹni bá san owó ilé níbẹ̀ kò ní rí púpọ̀ fi ránṣẹ́ sílé. Àmọ́ nígbà tí mo rántí àwọn òbí tó ń gbé obì àti owó wá sí Mọ́kọ́lá, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni tó bá ṣe tán tó sì tẹ̀ síwájú di Meister, ìyẹn ọ̀gá iṣẹ́ tó gba ìwé ẹ̀rí, ipele kan náà ni ìjọba kà á sí pẹ̀lú ẹni tó ní dìgírì àkọ́kọ́. Ó lè dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì lè fi ìwé yẹn wọ yunifásítì bó bá wù ú. Èyí ló ń gún mi lọ́kàn jù, torí ká ní ibí ni Bọ̀dá wà, àwọn ni onídìgírì yẹn ì bá máa wá bẹ̀.

Ó ní ohun tó wúwo níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí, àwọn tí màá jọ jókòó ní kíláàsì kò ju mẹ́tàdínlógún lọ, púpọ̀ nínú wọn. Jámánì tí wọ́n ń sọ níbi iṣẹ́ kò jọ èyí tí mo kọ́ nínú ìwé. Ìwé ìgbélùú akẹ́kọ̀ọ́ kò ká ìkọ́ṣẹ́. Mo gbọ́dọ̀ gba òmíràn lọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó àjèjì kí n tó kúrò ní yunifásítì, ẹni bá kọ́kọ́ kúrò ti fi ara rẹ̀ sínú ewu. Ẹni tó bá sì fẹ́ padà sílé láìpẹ́, n kò ní gbà á níyànjú kó fi dìgírì sílẹ̀. Ní Ìbàdàn, kò sẹ́ni tó máa ka Gesellenbrief, ìwé ẹ̀rí ìkọ́ṣẹ́ yẹn, wọ́n á kàn ní kó gun àkàbà. Èmi fẹ́ pẹ́ níbí díẹ̀ ná.

Bọ̀dá ni mo kọ́kọ́ pè, kì í ṣe Màámi. Mo rò pé wọ́n á bínú. Wọ́n jẹ́ kí n sọ tán, ilé tí à ń ṣe, owó, ìdánwò, wọn ò dá mi lóhùn. Ìgbà tí mo dé orí àgádágodo ni wọ́n sọ̀rọ̀.

"Lórí fíúsì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Kọ́kọ́rọ́ á wà lápò ẹni tó ń ṣiṣẹ́."

Wọ́n dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ. Wọ́n wá ní, "Ra mẹ́rin ránṣẹ́ sí mi. Ìyá rẹ, fi wọ́n sílẹ̀ fún mi, màá lọ bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú."

Mo ti ra àgádágodo mẹ́rin náà, pupa ni gbogbo wọn. Mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí àdéhùn náà.